Ẹfun Ìṣáwùrú Bàbá Ọ̀yìngbò

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa bàbá bàbá mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń sọ ni pé òun ti ń rìn nígbà tí bàbá òun ń kọ́ ilé Ọ̀yìngbò. Mi ò mọ bó ṣe rí nígbà èwe, mi ò sì gba gbogbo ohun tí àwọn àgbà ẹbí ń sọ nípa rẹ̀ gbọ́. Àwọn tó wá kí wa nígbà tó kú ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Alágídí ni. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bí ẹ bá sì ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, yóò rántí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó dá mi lójú ò pọ̀. Mo bá a gbé ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yábàá, àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fojú mi rí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ilé kan. Mo tún fojú mi rí ohun tí àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ṣe sí ilé náà nígbà tí kò sí mọ́. Ìyókù, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó jù mí lọ.

Bàbá Ọ̀yìngbò là ń pè é, bí a ti ń pe àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní Bàbá Súrùlérè. Ní ẹbí wa, ibi tí èèyàn ń gbé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni wá. Bàbá tó bí Bàbá Ọ̀yìngbò ta aṣọ títí ó fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹ̀yìn ọjà Ọ̀yìngbò, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ inú ilé láìkan ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, yàrá wà lókè, àgbàlá wà láàárín, kànga wà nínú àgbàlá. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ó sì nípọn débi pé mo lè jókòó sójú fèrèsé kí n ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè. Àwọn ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tí òbí wọn ti Bùràsíìlì padà wálé, ló ṣe iṣẹ́ igi ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ òdòdó sí pákó tó wà lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dá ihò sí àárín òdòdó náà kí atẹ́gùn lè máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn.

Ní àràárọ̀, kí Bàbá tó fi omi kan ojú, yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri bí ìyá ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Yóò dúró díẹ̀. Yóò wá sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́. “Ara rẹ̀ yá.” Tàbí kó ní, “Kò sùn dáadáa.” Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni mo ń kà, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa ní ẹ̀rí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ dájú pé ó yàtọ̀ sí tàná ni, àbí ẹ kàn rò ó bẹ́ẹ̀?”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, ìwọ náà máa fọwọ́ kàn án láràárọ̀ títí òjò fi máa dé tó sì máa lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o wá bi mí.”

Mo ṣe é. Nígbà tí òjò máa fi lọ, mi ò ní ìbéèrè mọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ògiri fi jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Ó ti ṣe ilé náà báṣubàṣu rí ni. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí gbogbo Èkó ń po sìmẹ́ǹtì, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó ní ilé amọ̀. Bàbá náà pe bíríkìlà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé náà yíká, wọ́n sì fi ọ̀dà olóròóró kùn ún. Ó ní inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi gbé àga jókòó sí òdìkejì títì, tí òun kàn ń wò ó. Nígbà tí òjò bíi mélòó kan rọ̀ kọjá, ìsàlẹ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Ohun funfun bí òwú ń hù lára aṣọ tí wọ́n kó sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tún pe bíríkìlà, ó tún fi sìmẹ́ǹtì lé sìmẹ́ǹtì. Ó túbọ̀ ń burú sí i.

Àárín ọyẹ́ ló wá yé e. Òjò ò rọ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Sìmẹ́ǹtì ibì kan jábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ kan amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tutù rinrin, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ewé kúrò lára rẹ̀. Omi ń ti inú ilẹ̀ gun ògiri, bó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, ẹfun ìkarahun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ máa ń jẹ́ kí omi náà gba ara ògiri jáde, kí atẹ́gùn gbé e lọ. Sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kó jáde mọ́. Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí: “Omi kì í ṣe ọ̀tá ògiri. Ó ní ibi tó ń lọ ni, èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn.”

Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, òwò aṣọ Bàbá sì ti kú. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ wà ní títì. Bàbá Súrùlérè wá ní ọjọ́ Sunday kan, òun àti àwòrán ilé alájà mẹ́rin tí ẹnì kan yà fún un.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká wó o. Ilẹ̀ yìí ló níye lórí, kì í ṣe ilé.”

“Mi ò wó o. Mo máa tún un ṣe, mo máa sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ tó ń ṣe lọ́yà, tó ń ṣe oníṣirò owó, tí wọn ò rí ibi gbà ní Erékùṣù, wọ́n á wá.”

Bàbá Súrùlérè rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin Bàbá yìí! Lọ́yà wo ló máa háyà ọ́fíìsì nínú ilé amọ̀? Tí ẹrẹ̀ bá já bọ́ sí i lórí, kóòtù ló máa gbé wa lọ.”

“Inú ilé amọ̀ yìí ni wọ́n bí ìwọ náà sí. Ṣé o ti gbé màmá rẹ lọ sí kóòtù?”

Mo sá wọ inú ilé kí wọ́n má baà rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá Súrùlérè ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ká àwòrán rẹ̀, ó ní owó tí òun fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́ ti di ti ilé mìíràn nìyẹn. Bàbá ní kó máa bá Ọlọ́run lọ. Nígbà tó lọ tán, Bàbá jókòó sójú fèrèsé, ó sọ fún mi pé, “Ọmọ dáadáa ni. Ilé tuntun ló fẹ́ fi hàn mí pé òun fẹ́ràn mi.”

Ìyẹn ni pé bí ilé náà ò bá dúró, tí àwọn tó máa háyà rẹ̀ ò bá wá, wíwó ni wọ́n máa wó o. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Bàbá ṣe tẹ̀lé ìyẹn ni ohun tí Ọ̀yìngbò fi mọ̀ ọ́n títí ó fi kú. Ó pe Mùrí, bíríkìlà tó máa ń bá a ṣe iṣẹ́, ó ní kó ha gbogbo sìmẹ́ǹtì ara ilé kúrò. Mùrí gbé ọwọ́ lérí. “Bàbá, sìmẹ́ǹtì gidi lèyí o! Ayé yìí tí àpò kan ti di ohun tí èèyàn ń wò nínú àlá! Mi ò lè hà á, ẹ̀ṣẹ̀ ni.” Bàbá ò bá a jiyàn. Ó ra hámà àti irin ẹnu pẹlẹbẹ, ó gbé àpótí ìdáná jáde, ó jókòó sí iwájú ilé níbi tí gbogbo ọjà ti lè rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, bí a bá gba ìṣirò rẹ̀.

Àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá, góòlù wà níbẹ̀ ni?”

“Ó wà níbẹ̀. Wá bá mi gbẹ́ ẹ.”

“Ẹ má wulẹ̀ dá Bàbá lóhùn, ọjọ́ ogbó ni.”

Bàbá Súrùlérè gbọ́, ó wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá.”

“Kí wọ́n máa wò. Nítorí ojú wọn náà ni mo ṣe fi sìmẹ́ǹtì síbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó máa bá yín ṣe é, ó kéré tán.”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀, èmi ni n ó yọ ọ́.” Ó tún gbá irin náà. “Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Òṣó ni n ó máa ló níbí títí sìmẹ́ǹtì yìí yóò fi yọ̀ǹda ògiri mi fún mi.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣọ Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn.

Ó lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà lórí rẹ̀. Mùrí wò ó títí, ojú tì í, ó wá gba hámà kejì. Mi ò sọ pé akínkanjú ni Bàbá. Ohun tí mo rí ni àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ tú àṣìṣe ara rẹ̀ palẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó ṣe irú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ ẹfun. Ẹfun tí bàbá rẹ̀ fi rẹ́ ilé, ìkarahun inú ọ̀sà ni wọ́n sun tí wọ́n fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó ń tà á mọ́. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ilé ọtí Ojú Ẹlẹ́gbà, ibi tí wọ́n ti ń ta ọbẹ̀ ata oníṣáwùrú, ó ń tọrọ ìkarahun tí wọ́n fẹ́ dà nù. Bàbá ìjọ ni o. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Súrùlérè. Ìyàwó Bàbá Súrùlérè wá bá a.

“Bàbá, wọ́n ní wọ́n rí yín nílé ọtí.”

“Òótọ́ ni.”

“Wọ́n ní ẹ ń ṣa ìkarahun nílẹ̀.”

“Wọ́n ò parọ́. Kí lo jẹ lálẹ́ àná?”

“Ìrẹsì ni, Bàbá.”

“Ó dùn mí. Ìrẹsì ò ní ìkarahun.”

Ó to ìkarahun àti èédú ní ìpele ìpele sínú àgbá irin nínú àgbàlá, ó sun ún, èéfín lé àwọn aládùúgbò sínú ilé, wọ́n sì bú u dáadáa. Nígbà tó tutù, ó bu omi lé e. Mo dúró tì í. Ohun funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń tú èéfín, kò sì sí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo sá sẹ́yìn. Bàbá bo ohun tó ṣẹ́kù pẹ̀lú àpò tútù, ó ní kó sùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ìyàwó Bàbá Súrùlérè tún dé, Bàbá ti ń fi ẹfun náà rẹ́ ògiri iwájú. Ó tọ́ka sí i. “Ohun tí ẹ jẹ tí ẹ jù nù ló fẹ́ gbé ilé yín ró.”

Kí n má parọ́, èyí tó kọ́kọ́ pò ò dára. Ó sán, ó sì já bọ́. Bàbá dá Mùrí lẹ́bi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ òun ló kánjú tú ẹfun kó tó sùn tó. Kò tọrọ àforíjì. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún Mùrí ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: “Ẹfun tí kò bá sùn, yóò jẹ ọ́ lójú.”

Nígbà tí ilé náà tò tán, kò dán. Ó funfun bí eyín, ó dúdú díẹ̀ níhìn-ín, ó pọ́n díẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn pákó tí wọ́n ń to aṣọ sí tẹ́lẹ̀ di ibi ìkówèésí. Káńtà tí bàbá rẹ̀ ti ń wọn aṣọ di tábìlì ọ́fíìsì, àmì tí wọ́n fi ń wọn ọ̀pá aṣọ sì wà létí rẹ̀ síbẹ̀. Omi òjò ń ti orí páànù gba ọ̀nà kan lọ sínú táǹkì, òun ni wọ́n ń lò nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wá háyà ni agbẹjọ́rò obìnrin kan, tí gbogbo wa kàn ń pè ní Lọ́yà. Ó yí yàrá òkè ká, ó ní, “Bàbá, níbo ni mo máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù mi sí?”

“O ò ní gbé e síbì kankan.”

“Háà, Bàbá! Ṣé kí n máa làágùn lé ìwé oníbàárà lórí ni?”

“Jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí o bá làágùn, n ó fọwọ́ ara mi lu ihò sí ògiri náà.”

Lọ́yà ò béèrè ihò náà mọ́. Lásìkò tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí iná mànàmáná ń lọ tí kì í tètè dé, tí gbogbo àdúgbò ń gbóná, àwọn oníbàárà Lọ́yà máa ń parí ọ̀rọ̀ wọn tán kí wọ́n tún jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wa mú àwọn oníṣirò owó tó gba yàrá kejì wá. Àwọn kan tó ní kọ̀ǹpútà wá gbé nísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì kó lọ nítorí iná; ilé ò lè tán gbogbo ìṣòro. Ṣùgbọ́n ilé náà ń bọ́ ara rẹ̀. Bàbá máa ń jókòó sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, yóò máa gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Lọ́yà tó ń ta kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ lókè. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá mi ò gbọ́ irú ariwo yìí rí, ṣùgbọ́n ìró òwò ni. Etí rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.”

Ọdún tó ṣàìsàn, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Bàbá Súrùlérè ń wá lójoojúmọ́, ó ń bá a nu ara, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà níbẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ tètè gbádùn. A máa kun ilé yìí fún yín, yóò máa dán gbinrin.”

Bàbá ṣí ojú. Ohùn rẹ̀ ò lágbára, ṣùgbọ́n ó yé wa dáadáa. “Ẹ má kùn ún. Ẹni tó fẹ́ràn ilé yìí ò ní dí i nímú.”

Ó kú kí oṣù náà tó parí.

Wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣúárì nítorí pé ilé ò tíì ṣeé gbàlejò. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Òkú àgbà ò ní sùn nínú ilé tó ń ṣí. Wọ́n á rẹ́ ilé, wọ́n á kùn ún, kí àlejò tó dé. Ọ̀yìngbò ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí kí a tó gbé e lọ Iléṣà. Ẹbí péjọ sí Súrùlérè. Èmi kì í sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Bàbá ní ká má kùn ún.”

Bàbá Súrùlérè rọra dá mi lóhùn. “Àbẹ̀kẹ́, bàbá wo ló máa sọ pé kí ọmọ náwó lórí òun? Àgbà tó bá ní kí ẹ má ṣe wàhálà, ṣé ẹ ò ní ṣe é?”

Àwọn àgbà mi orí. Òótọ́ ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti mọ ẹbí wa, kò sí àgbà kan tó ní “ẹ má ṣe ìnáwó” tí wọ́n gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọmọ tó bá gbọ́ràn, wọ́n á ní ahun ni. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀nà tí omi ń gbà nínú ògiri, bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń dí i. Mo rí i lójú wọn pé ìwé ni wọ́n rò pé mò ń kà.

“Ẹ wo ilé náà,” Bàbá Súrùlérè wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ara rẹ̀ rí bí ara ẹni tó ní làpálàpá. Kí àwọn ará Iléṣà wá bá òkú bàbá mi níbẹ̀? Wọ́n á ní kò bímọ!”

Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí wọ́n kùn ún.

Mùrí ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Mo lọ bá a níbi tó ti ń po sìmẹ́ǹtì. Kò wò mí lójú. “Sìstá, tí mi ò bá ṣe é, wọ́n á gbé ẹni tí kò mọ Bàbá rí wá.” Wọ́n rẹ́ iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn ún. Wọn ò dé ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, nítorí àlejò ò ní débẹ̀, ọjọ́ sì ti sún mọ́.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, ilé náà ń kọ mànà. Àwọn èèyàn dúró sí títì, wọ́n ń sọ pé Bàbá bímọ. Fọ́tò pọ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Bàbá nínú pósí, mo jáde, mo fi ọwọ́ kan náà kan ògiri. Mi ò ní kọ ohun tí mo rò sílẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ kọjá, kò hàn. Nígbà òjò ọdún kejì, ọ̀dà wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Àwọn oníṣirò owó kó jáde. Bàbá Súrùlérè ní kí wọ́n tún fi sìmẹ́ǹtì kún un. Lọ́yà ló gbẹ̀yìn. Ó gbé fáìlì kan sọ́wọ́ mi, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ohun funfun bí òwú ti bo etí rẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́, mi ò fẹ́ lọ. Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn èèyàn nìyí. Mo ti ń wúkọ́ láti ìjẹta.”

“Mo mọ̀, ma.”

“Ìwọ náà kúrò níbí.”

Mo kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ògiri tó kọjú sí ojú irin rọra jókòó sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé. Òrùlé apá ibẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ará káńsù wá fi ọ̀dà pupa fa àmì sí iwájú ilé, katapílà sì tẹ̀ lé wọn.

Mo ti wá àlàyé mìíràn, nítorí pé mi ò fẹ́ kó rí bí mo ṣe rò ó. Bóyá ọkọ̀ ojú irin ló mi ín títí. Bóyá ogbó ni. Bóyá òjò ọdún náà ló pọ̀ jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣeé gbà gbọ́, àfi tí mo bá rántí ògiri ẹ̀yìn, èyí tí wọn ò rẹ́ nítorí pé àlejò ò ní rí i. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, òjò kan náà ló pa wọ́n, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló ń mì wọ́n. Mo fọwọ́ kàn án ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá wó o. Ó gbẹ. Ara rẹ̀ yá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni katapílà tì í kó tó gbà.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí n fi ìtùnú parí ohun tí mò ń kọ, kí n sọ ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa. Mo ti wò ó lọ wò ó bọ̀. Ilé alájà mẹ́rin náà ò ṣeé ṣe. Owó rẹ̀ ti ju agbára Bàbá Súrùlérè lọ. Ilẹ̀ náà ṣófo. Wọ́n ti ṣá àwọn pákó rẹ̀ dáná. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ Mùrí bí wọ́n ṣe ń sun ìkarahun, òun náà ò sì sun ún mọ́. Mi ò rí nǹkan kan tó ṣẹ́kù tí mo lè tọ́ka sí láìparọ́.

Fọ́tò kan ló wà, nínú férémù ńlá, ní pálọ̀ Súrùlérè. Ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n yà á. Ilé náà funfun láúláú, ó ń tàn, kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí àlejò kan dúró síwájú rẹ̀.

“Ilé yìí mà dára o. Ilé ta ni?”

Bàbá Súrùlérè ti di arúgbó lójijì. Ó wo fọ́tò náà.

“Ilé bàbá mi ni,” ó wí. “A tún un ṣe fún un nígbà tó kú.”